Garawa Omi Tí Mo Dànù

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọmọbìnrin mi nígbà tó tẹ ẹ̀yín iná mọ́lẹ̀ níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń yan ẹja. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni. Àtẹ́lẹsẹ̀ náà bó láti gìgísẹ̀ títí dé ìdí ọmọ-ìka.

Ugbonla, létí òkun, la wà nígbà yẹn, èmi sì ni olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Mo ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ girama, mo sì gbà pé kò sí ohun tí ìwé kò lè sọ fún mi nípa ìtọ́jú ọmọ.

Ọdún yẹn ni ìjọba ń dín ìnáwó kù. Nọ́ọ̀sì méjì ló wà tẹ́lẹ̀ ní ilé ìwòsàn wa, ilé pákó oníyàrá mẹ́ta lórí òpó, pẹ̀lú bàbá kan tó ń fi ọkọ̀ pọn omi fún wọn. Lẹ́tà kan ṣoṣo dé láti ọ́fíìsì ìjọba ní ìlú òkè. Wọ́n gbé nọ́ọ̀sì kan lọ ibòmíràn, wọ́n dá bàbá olómi dúró, wọ́n sì ní kí wọ́n máa fọ báńdéèjì kí wọ́n tún un lò. Ẹni tó kọ lẹ́tà náà kò lè ti gbé etí òkun rí. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi òkun a máa wọ inú odò wa, gbogbo omi tó yí wa ká a sì di oníyọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ omi dídùn á wa ọkọ̀ gba òkè odò lọ fún wákàtí mẹ́ta, ní àlọ nìkan.

Ọjọ́ méjì-méjì ni mo ń gbé ọmọ lọ wẹ egbò. Nọ́ọ̀sì kan tó kù ló ń wẹ egbò, òun ló ń fún èèyàn lábẹ́rẹ́, òun náà ló ń gbẹ̀bí. Mo máa ń jókòó tì í, ojú mi kì í kúrò lára ọwọ́ rẹ̀. Bí kò bá fọ ọwọ́ kó tó kan ọmọ mi, mo máa ń wúkọ́.

Ní ìgbà kẹrin tí a lọ, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú báńdéèjì ẹsẹ̀ ọmọ mi tán ni obìnrin kan tó ń rọbí ké nínú yàrá kejì. Ó fi wá sílẹ̀, ó sáré wọlé. Bí mo ti ń wo yíká ni mo rí garawa kan ní kọ̀rọ̀, tí wọ́n fi aṣọ funfun bò. Mo ṣí i. Omi ni, ẹ̀fọn kan sì fò kúrò lára aṣọ náà. Mo rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ nípa omi tó bá pẹ́ nílẹ̀. Mo gbé garawa náà dé ẹnu ọ̀nà, mo sì da gbogbo rẹ̀ sínú odò.

Ìyá àgbà kan tí ẹ̀gún ẹja gún lọ́wọ́ pariwo. "Háà! Tíṣà, kí lẹ dànù yẹn?"

"Omi tó ti pẹ́ nílẹ̀ ni, ìyá. Ẹ̀fọn ló máa bí."

"Ẹ̀fọn wo? Omi tí nọ́ọ̀sì fi gbogbo ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ wá nìyẹn! Ṣé ìyẹn kò sí nínú ìwé yín ni?"

Àwọn aláìsàn tó jókòó de nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí nọ́ọ̀sì jáde, ẹ̀rín tán. Ó wo garawa, ó wo mí.

"Omi tí mo ti sè nìyẹn," ó ní. "Omi egbò gbogbo ènìyàn ni, títí di ọjọ́ Àìkú tí màá tún lọ."

Mo béèrè bóyá a kò lè se omi odò.

"Kí n bu iyọ̀ sí ẹran ara ọmọ yín?"

Ó wọ yàrá tirẹ̀ lọ, ó gbé omi mímu rẹ̀ jáde nínú kẹ́tùrù tó ti sè é. Kò pé ife méjì. Ó ń kán an sí ẹsẹ̀ ọmọ mi díẹ̀díẹ̀ títí ojú egbò fi mọ́.

"Kí lẹ̀yin fúnra yín máa mu?"

"Ẹ lọ bá mi wá a."

Ọjọ́ kejì jẹ́ Sátidé. Mo yá ọkọ̀, mo kó garawa mẹ́fà sínú rẹ̀, mo sì gba òkè odò lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti di àjẹ̀ mú kẹ́yìn. Nígbà tí mo padà dé, àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì ti lé róró. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ wọ́n wò, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n.

"Báńdéèjì kò sí fún tiyín o, Tíṣà."

Láti ìgbà náà, èmi ló ń lọ pọn omi ní Sátidé. Ẹsẹ̀ ọmọ jinná lọ́sẹ̀ kẹfà. Síbẹ̀, mo ṣì ń lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn, mo mú ọmọ mi lọ́wọ́, a gba iwájú ilé ìwòsàn kọjá. Ilẹ̀kùn yàrá nọ́ọ̀sì wà ní títì. Mo kan ilẹ̀kùn títí.

"Ta nìyẹn? Ṣé ọmọ tún jóná ni?"

"Rárá o, nọ́ọ̀sì. Mo rò pé ara yín ò yá."

"Oorun ọjọ́ ìsinmi mi ni mò ń sùn, Tíṣà. Ẹ jẹ́ n sùn."

Mo rọra ń yọ́ rìn padà lórí afárá pákó. Ọmọ mi kò yọ́ rìn ní tirẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló fi ń kilẹ̀, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra.