Fíìmù Tí Kò Rìn

Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni.

Iṣẹ́ fótò ló ń ṣe, ti ìgbéyàwó àti ti ẹbí. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́. Wobí ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé bó bá ti gbé kámẹ́rà sójú, "Ẹ wobí! Ẹ wobí!" ni yóò máa ké títí ọmọ ọwọ́ pàápàá yóò fi wò ó. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń pè é ní Bàbá wọn.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ. Níwájú, àga onígi kan wà níbẹ̀, àti aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run tó ta mọ́ ògiri. Lẹ́yìn, ó fi pákó gé igun kan, ó kun inú rẹ̀ ní dúdú. Ibẹ̀ ló ti ń fọ fótò. Òórùn oògùn tó fi ń fọ̀ ọ́ kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní bí iná bá kú nínú ilé, imú lòun fi ń mọ ibi tí ọkọ òun jókòó sí.

Ó mọṣẹ́. Ká má purọ́ mọ́ ọn. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹni kúkúrú síwájú kí inú má bí i. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń mú ìyàwó ilé àti ìyá ọkọ tí kì í bára wọn sọ̀rọ̀ dúró bí ọ̀rẹ́. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé òun náà mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Bó bá ń to èèyàn, bí ọ̀gá ọlọ́pàá ló ń rí: "Ìwọ onífìlà, ṣí i! Ẹ̀yin màmá, ẹ rọra, a ò pè yín síjà. Ìwọ tó wà lẹ́yìn, ta ló kú? Rẹ́rìn-ín!"

Wọ́n pè é síbi ìgbéyàwó kan. Káfíńtà ni bàbá ìyàwó. Ilẹ̀kùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ní àdúgbò yẹn, òun ló ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ọkùnrin gíga ni, àmọ́ àìsàn àyà ti dá a dùbúlẹ̀, ó ti pẹ́ tó ti kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó ní dandan, òun máa dé ibẹ̀. Òun máa dúró ti ọmọ òun nínú fótò. Ó ní òun fẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ òun mọ̀ pé òun ga.

Fíìmù àkọ́kọ́ tán nínú gbọ̀ngàn. Wobí bọ́ síta, ó dúró lábẹ́ igi, ó ń fi òmíràn sí i. Ẹbí méjèèjì ti ń tò sínú oòrùn. Àbúrò ìyá ọkọ, dírẹ́bà bọ́ọ̀sì kan, wá dúró tì í.

"Ọ̀gá, ẹ ṣe kíá. Bàbá ìyàwó ò lè pẹ́ nínú oòrùn yìí o."

"Mo ń bọ̀."

"Àmọ́ ẹ jẹ́ kí fíìmù wọlé dáadáa o. Mo rí i pé ọwọ́ yín ń yá jù."

Wobí pa kámẹ́rà dé. Ó gbé ohùn sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. "Ọ̀gá dírẹ́bà, ọjọ́ tí ẹ bá rí mi nídìí sítíárìn yín, ẹ bá mi wí. Kámẹ́rà yìí, mo ti ń gbé e kí ẹ tó mọ búréèkì yàtọ̀ sí kílọ́ọ̀ṣì!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Dírẹ́bà náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí àyà, ó sì lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Fíìmù ní ahọ́n. Inú rọ́lù kan nínú kámẹ́rà ni wọ́n ń fi ahọ́n yẹn bọ̀, kí rọ́lù lè dì í mú, kó máa fà á. Bí kò bá dì í mú, kámẹ́rà á máa dún, fíláàṣì á máa tàn, àmọ́ fíìmù á jókòó sójú kan bí ẹni tó sanwó ilé. Àmì tí wọ́n fi ń mọ̀ ni kókó kékeré kan tó wà lórí kámẹ́rà lápá òsì. Bí fíìmù bá ń rìn, kókó yẹn á máa yí. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lánàá mọ èyí.

Wobí ò wo kókó. Ó ya ẹbí ọkọ. Ó ya àwọn ará ilé ìyá ìyàwó. Ó ya àwọn ọ̀rẹ́. Ó ń pariwo, ó ń ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ gbé bàbá ìyàwó dìde lórí àga.

Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì fi ọwọ́ gbé e lábíyá. Ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi tọ́ tán, ó sì gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọ rẹ̀. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

Wobí fa irin tó ń sún fíìmù síwájú. Ojú rẹ̀ ṣèèṣì bọ́ sórí kókó. Kò yí. Ó tún fà á. Kò yí.

Ara rẹ̀ tutù wàì nínú oòrùn yẹn.

Ohun tó yẹ kó ṣe kò le. Kó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí bàbá jókòó, fíìmù mi ò wọlé." Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ dírẹ́bà wà níbẹ̀ tó káwọ́ lérí àyà. Bí Wobí bá la ẹnu, gbogbo ẹ̀rín tó mú wọn rín ló máa yí padà wá bá a. Ó rò ó bẹ́ẹ̀. Ó gbé kámẹ́rà sójú.

"Ẹ wobí, bàbá. Ẹ di èémí mú. Ẹ má mí o."

Bàbá di èémí mú. Fíláàṣì tàn.

"Ẹ̀ẹ̀kan sí i."

Ó tún dì í mú.

"Èyí ló kẹ́yìn, bàbá."

Ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn, kò mọ ìdí tó fi ṣe é. Bóyá kí irọ́ náà lè dúró dáadáa ni.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun á sáré lọ sẹ́yìn ògiri, òun á tún fi fíìmù náà sí i, òun á wá wá nǹkan sọ kí wọ́n lè tún yà á. Nígbà tó fi padà dé, wọ́n ti gbé bàbá sínú ọkọ̀, ọkọ̀ ti lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìyàwó wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ káàsán, sà."

"Ìyàwó wa! Ṣé ọkọ ti lé ẹ jáde ni?"

"Ó lé mi jáde o! Ó ní n lọ gba fótò wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ n má padà."

Ó wo àwọn fótò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín sí èyí tí ọkọ rẹ̀ ti la ẹnu sílẹ̀ níwájú kéèkì. Nígbà tó wò wọ́n tán, ó ṣí àpò ìwé náà, ó tún wo inú rẹ̀.

"Ti ìta dà, sà? Ti bàbá mi?"

Wobí ń to nǹkan lórí tábìlì, nǹkan tí kò nílò títò. "Mo ní kí wọ́n bá mi fọ ìyẹn ní ńlá ni. Kò tíì dé."

"Ní ńlá?" Ojú ọmọ náà dán. "Ẹ ṣeun gan-an, sà! Láràárọ̀ ni bàbá ń béèrè. Wọ́n ní fótò yẹn, àwọn ò ní ra férémù, ọwọ́ àwọn làwọn máa fi ṣe é. Wọ́n ti ní ká gbé pákó wá sórí bẹ́ẹ̀dì fún àwọn. Gbogbo ibùsùn ló ti kún fún èérún pákó. Màmá mi ń bínú, bàbá ò dá wọn lóhùn."

Ó dúpẹ́ títí ó fi jáde. Wobí jókòó sórí àga oníbàárà.

Ẹni tójú ń tì máa ń gbọ́n lọ́nà òdì. Wobí rántí pé òun ti ya pásípọ́ọ̀tù fún káfíńtà náà rí. Ó wá a kàn. Ó mú abẹ, ó gé orí ọkùnrin náà jáde. Ó mú ọ̀kan nínú fótò gbọ̀ngàn, níbi tí àlejò kan ti dúró ti ìyàwó, ó lẹ orí káfíńtà mọ́ ọrùn àlejò. Ó fẹ́ tún èyí yà, kó fọ̀ ọ́ ní ńlá. Ó ń fi ẹ̀yìn ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wọlé.

"Bàbá wọn, ta nìyí?"

"Bàbá ìyàwó ọjọ́sí ni."

Obìnrin náà gbé e sún mọ́ fèrèsé. "Orí ta ló wà lọ́rùn ta? Ọrùn yìí ń lọ sílé, orí ń lọ sóko."

"Kò tíì parí ni."

"Kò ní parí láéláé. Kí ló ṣe ojúlówó?"

Ó kọ́kọ́ ní nǹkan kan ò ṣe é. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́. Obìnrin náà ò pariwo. Ó gbé fótò náà sílẹ̀, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀.

"Nítorí kí ojú má tì yín, ẹ gé orí olórí."

"Kí ni kí n wá ṣe, Ìyá wọn?"

"Ẹ lọ sọ fún wọn bí ẹ ṣe sọ fún mi yìí. Ẹ má bu iyọ̀ sí i."

Ó gbé kámẹ́rà kọ́ ọrùn, ó lọ. Ó ń wo kókó rẹ̀ lójú ọ̀nà bóyá fíìmù ti wọlé dáadáa, títí ó fi sú òun fúnra rẹ̀.

Káfíńtà ń bẹ lórí ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ti rù sí i. Férémù náà wà lórí itan rẹ̀, ó ti fá a dán. Ìyàwó náà wá kí bàbá rẹ̀, ó ń gbé omi bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé.

"Wobí! O ti gbé e dé? Mú un wá ká wò ó bóyá á wọ̀ ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, fótò yẹn ò jáde."

Ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́. Káfíńtà wo Wobí.

"Fíìmù jó ni?"

Ohun tí gbogbo ayàfótò máa ń wí nìyẹn. Fíìmù jó. Kò sẹ́ni tó ń bá fíìmù jà. Ọkùnrin náà ti ṣílẹ̀kùn fún un, kó kàn gbabẹ̀ kọjá ló kù.

"Kò jó, ẹ̀gbọ́n. Kò rìn ni. Mi ò fi í bọ̀ ọ́ dáadáa."

"Kò burú. Kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe."

Ilẹ̀kùn kejì nìyẹn. "Kì í ṣe àṣìṣe, sà. Nígbà tí ẹ dìde dúró, mo ti mọ̀. Ojú ló ń tì mí lójú àwọn èèyàn. Mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ lásán ni."

Ẹnì kan ń gbálẹ̀ níta.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta lo ní kí n di èémí mú," ni káfíńtà wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Èyí tó kẹ́yìn yẹn, mo rò pé èémí náà kò ní padà wá mọ́."

Wobí ń wo ilẹ̀. Sìmẹ́ńtì ni, ó ti sán láti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì dé ìdí ògiri. Bẹ́ ẹ bá jí i lójú oorun lónìí, ó lè ya sísán náà fún yín.

"Mo gbé kámẹ́rà dání, ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ bá lè gbà…"

"Rárá." Kò bínú sọ ọ́. "Kí ọmọ-ọmọ mi wá máa bi wọ́n pé ta ló dùbúlẹ̀ yìí? Mo ti dúró. Mi kì í kan ilẹ̀kùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì fún ẹni tí kò wo ti àkọ́kọ́." Ó gbé férémù kúrò lórí itan, ó fi í ti ògiri. "Ṣé o ti sọ fún ẹbí ọkọ?"

"Rárá, sà."

"Àwọn náà dúró nínú oòrùn. Lọ sọ fún wọn. Má rán ẹnikẹ́ni."

Ìyàwó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ife omi yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ká ní ẹ sọ fún wa lọ́jọ́ yẹn ni, sà, à bá dúró. Bàbá á kàn jókòó díẹ̀, wọ́n á tún dìde."

Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ì bá sàn fún Wobí kó bú u.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ dírẹ́bà. Ọkùnrin náà ń fọ táyà bọ́ọ̀sì rẹ̀ níwájú ilé.

"Ọ̀gá fótò! Kí lẹ wá ṣe nílé ẹni tí kò mọ búréèkì?"

Kò tíì gbàgbé. Wobí dúró níbẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ahọ́n fíìmù dórí èémí bàbá ìyàwó. Dírẹ́bà sọ àkísà sínú garawa.

"Ẹ tún un sọ."

"Sà?"

"Ẹ wọlé wá tún un sọ. Ẹ̀gbọ́n mi wà ńlé, ìyá ọkọ. Ìyàwó mi náà wà ńbẹ̀. Wọn ò gbọ́."

Ó wọlé, ó tún un sọ. Gbogbo ọ̀nà ló ti fi ń múra sílẹ̀ de ẹ̀rín. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ká ní wọ́n rẹ́rìn-ín ni, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi àwàdà dá ẹ̀rín padà, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ èyí, kò mọ ohun tó máa ṣe sí i.

"Gbogbo wa?" ni ìyá ọkọ bi í. "Ẹyọ kan ò sí?"

"Ẹyọ kan ò sí, mà."

Obìnrin náà ń fi àtàǹpàkò ra àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Aṣọ yẹn, nítorí fótò ni mo ṣe rán an."

Wobí tọrọ àforíjì, ó dìde. Dírẹ́bà ní kó jókòó. Ó ní oúnjẹ ti délẹ̀, ẹni tó ru irú ọ̀rọ̀ yìí rìn wá, ebi á ti pa á. Wobí ní ilé òun ò jìnnà. Ìyàwó dírẹ́bà ti gbé abọ́ síwájú rẹ̀. Ìrẹsì ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ àti ẹyin sísè kan. Ó jẹ ẹ́ tán láìgbé ojú sókè.