Ohùn Tó Ń Pe Ìrun Ọ̀sán Lóko Wa

Oko wa ní Kambolé jìnnà sí mọ́sálásí, nítorí náà ohùn ènìyàn kan ni gbogbo àwọn tí oko wọn sún mọ́ ara fi ń mọ àkókò ìrun ọ̀sán. Ní apá tiwa, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni ó ń pè é. Yóò gun orí ebè iṣu tó ga jù nítòsí igi òrí, yóò ti ìka bọ etí, yóò sì na ohùn náà jáde láìkánjú. Èmi àti ìyá wa, tí a ń sun iṣu nídìí iná, a máa ń gbọ́ bí ọkọ́ ti ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti oko ìtòsí títí dé ti àwọn tí ojú wa kò tó. N kò ní purọ́ pé oko kò ní èéfín. Iná igi yẹn máa ń ta wá lójú títí omijé yóò fi jáde, ṣùgbọ́n a lè dìde, kí a gbé ìjókòó wa lọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá.

Nígbà tí ilẹ̀ kò so bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́, ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ìlú ńlá Sokodé bí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìlú wa. Ó ń fi alùpùpù gbé èrò, ó sì gba yàrá kan ní àdúgbò Kouloundè. Iṣẹ́ olùkọ́ gbé èmi náà dé ìlú yẹn lẹ́yìn náà, mo sì rí ohun tí ó ń mí sínú. Láti àárọ̀ ni ó ń tẹ̀lé àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gba títì ọlọ́dà lọ sí àríwá, tí èéfín dúdú ń tú jáde lẹ́yìn wọn. Níbi tí kò sí ọ̀dà, eruku pupa ni. Ní ìrọ̀lẹ́, wọn a dáná sun pàǹtírí àti ọ̀rá lẹ́bàá ilé. Kò sí ibi tí ènìyàn lè gbé ìjókòó lọ.

Bí ó bá fi aṣọ funfun nu ojú, a na aṣọ náà sí mi. “Wò ó, àbúrò. Eruku Sokodé ti bá mi délé bí ìyàwó kejì.”

Ìyàwó rẹ̀ a dáhùn láti ìdí ìkòkò: “Kí òun náà wá fọ aṣọ! Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá a fọ̀.”

Lẹ́yìn náà ni ikọ́ dé. Ní àkọ́kọ́, àsìkò ọyẹ́ nìkan ni. Nígbà tó yá, kò mọ àsìkò mọ́. Dókítà ní ọ̀nà èémí rẹ̀ ti fún, kí ó sá fún èéfín àti eruku, ó sì kọ oògùn tí a ń fín sí ẹnu fún un. Ọjọ́ tí èémí bá há, kò lè ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí ó bá ṣiṣẹ́, fámásì ló ń gba èyí tó pọ̀ nínú ohun tí ó rí. Ilé tí ó ń kọ́ sí Kambolé kò rí páànù títí di òní.

Ní ìkórè iṣu tó kọjá, bàbá wa ránṣẹ́ pè wá. Wọ́n fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi padà wálé pátápátá, kí ó máa pe ìrun lóko bí ti tẹ́lẹ̀. Èmi náà fẹ́ ẹ, bóyá ju bàbá lọ. Nígbà tí a kọjá Tchamba, ẹ̀gbọ́n mi yọ orí síta fèrèsé ọkọ̀. “Gbọ́ òórùn koríko tútù yẹn,” ni ó wí, ó sì mí bí ẹni tí ń mu omi.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí oòrùn kàn wá lórí lóko, aládùúgbò wa tí oko rẹ̀ wà ní òdìkejì odò kígbe: “Ará Sokodé! Tẹlifóònù ló ń pe ìrun fún mi báyìí, ohùn rẹ̀ kò sì dára! Ìwọ pè é fún wa lónìí!”

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó gun orí ebè.

“Allahu akbar, Allahu akbar.”

Ohùn náà jáde bí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo gbé ọ̀bẹ tí mo fi ń bó iṣu sílẹ̀. Ọkọ́ òdìkejì odò dákẹ́. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó tẹ̀lé e kò parí: èémí já, ikọ́ tẹ ẹ̀gbọ́n mi ba lórí ebè, ó sì di ewé iṣu mú kí ó má baà ṣubú. Bàbá, tó kọ́ wa ní Kùránì, mọ̀ pé ìpè tó bá já tó sì pẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ń tún un pè. Wọ́n dúró. Mo rí i pé wọ́n ń fún ọmọ wọn láyè. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fi orí ṣàpèjúwe pé òun kò lè pè é mọ́, bàbá fi ọ̀pá dìde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìpè náà pẹ̀lú ohùn àgbà tí kò kọjá igi òrí. Lódìkejì odò, ọkọ́ ti tún ń ró.

Lẹ́yìn ìrun, bàbá ní: “Má padà mọ́. Èémí rẹ yóò bọ̀ sípò níbí.”

Ẹ̀gbọ́n mi yọ ike oògùn náà nínú àpò, ó fi lé wọn lọ́wọ́. “Bàbá, Sokodé ni mo ti ń rí i rà.”

“Àwọn tó ń ná ọjà Tchamba yóò máa bá wa wá a.”

“Kí ni n ó fi rà á? Ẹ ti rí i pé n kò lè kọ ebè. Alùpùpù nìkan ni iṣẹ́ tí mo lè jókòó ṣe.”

Bàbá yí ike náà sí ọ̀tún, wọ́n yí i sí òsì, wọ́n sì dá a padà fún un. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń rò ó: iṣẹ́ tí ń gba èémí rẹ̀ náà ni ó fi ń ra èémí padà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi bá ọkọ̀ lọ. Èmi dúró, nítorí ìsinmi mi kò tíì parí. Ní ọ̀sán, aládùúgbò wa la odò kọjá wá, ó gbé iṣu ńlá kan dání fún ẹ̀gbọ́n mi.

“Ṣé ó ti lọ ni?”

“Àárọ̀ yìí ni.”

Ó gbé iṣu náà kalẹ̀ lábẹ́ igi òrí. “Mo gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lánàá. Mo gbé ọkọ́ sílẹ̀, mo ń retí ìyókù.”

Mo wo ebè náà, níbi tí ewé iṣu ti ya, mo sì ń tẹ́tí sí ìyókù ìpè náà.