Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Parí Ìtàn

Títí di òní, bí yìnyín bá ti ń bọ́ ní Chicago, Sátidé tí bàbá mi parí ìtàn ni mo máa ń rántí.

Nílé wa ní àdúgbò Edgewater, wọ́n máa ń hun ìtàn apààyàn fún mi tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ibi tí àyà mi bá ti ń já gan-an ni wọ́n máa ń dúró sí. "Ó di ọ̀la, inṣá Allah. Ṣebí o ní o fẹ́ di òǹkọ̀wé? Kọ́ ibi tó yẹ kó o ti dákẹ́."

Ní Sátidé yẹn, mo kúnlẹ̀ kí wọn ní ọsibítù. Pẹ̀lú ẹ̀rọ atẹ́gùn nímú, wọ́n bẹ̀rẹ̀: apààyàn bá opó kan wọ ẹlifétọ̀, iná sì kú. Mo ń retí "ó di ọ̀la." Wọn kò sọ ọ́. Wọ́n dárúkọ apààyàn náà, wọ́n sọ bí ọwọ́ ọlọ́pàá ṣe tẹ̀ ẹ́.

Mo ké: "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ di ọ̀la!"

Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Rárá, Sùlíà. Jẹ́ ká parí ẹ̀."

Ọjọ́ kejì la sin wọ́n. Èmi náà ti ń kọ ìtàn báyìí, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dé ìparí, mo máa ń fi í sílẹ̀ di ọ̀la.