Omi Wàláà Rámátù

Òórùn tàdáwà, omi dúdú tí a fi ń kọ̀wé kéú, ló bá mi lórí ẹní lánàá. Áwáwù, ọmọ ọmọ mi, ló ti ilé kéú dé, tó lọ fọ wàláà, pákó ìkọ̀wé rẹ̀, lẹ́yìnkùlé, afẹ́fẹ́ sì gbé òórùn náà wọlé: dúdú ìdí ìkòkò, oje igi, àti pákó tí omi ti mu lámujù. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọmọ òde òní ò mọ òórùn yẹn, nítorí bírò lẹ fi ń kọ̀wé, àfi ẹni tó bá tún ń lọ kéú nírọ̀lẹ́. Èmi arúgbó yìí, tí n kì í rántí ibi tí mo fi tẹ̀sùbáà mi sí mọ́, bí mo bá gbọ́ òórùn tàdáwà, ẹnu mi á korò.

Ìyá Áwáwù gbé oúnjẹ fún un, kò jẹ ẹ́. Ó bi í pé ta ló nà án, ọmọ ní kò sẹ́ni. Ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó yẹ apá rẹ̀ wò, kò rí àpá kankan, ó ní, “Alihamudulilahi,” ó padà sídìí ààrò. Mo ń wò wọ́n láti orí ẹní mi. Irú àyẹ̀wò yẹn gan-an ni wọ́n ṣe fún Rámátù, ọ̀rẹ́ mi ìgbà èwe.

Nígbà tí mò ń wí yìí, òyìnbó kò tíì pẹ́ ní Ìlọrin. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ojú irin dé ọ̀dọ̀ wa ni, bí ọkọ̀ náà bá sì ké, àwa ọmọdé a máa sá sẹ́yìn ìyá wa. Ilé ìwé tiwọn kò kàn wá. Abẹ́ igi ọdán ní ojúde Àáfà ni ilé ìwé tiwa, lórí ẹní àti awọ àgbò, pẹ̀lú ariwo tó lè gbé ẹyẹ dìde lórí igi. Àwọn ọkùnrin a jókòó lápá ọ̀tún, àwa obìnrin lápá òsì. A ò ju mẹ́jọ lọ lápá tiwa, nítorí ọ̀pọ̀ bàbá ló gbà pé bí obìnrin bá ti mọ ohun tí yóò fi kírun, ó tó o.

Àwọn ọkùnrin a máa jẹra wọn níyà, gbangba sì ni. Wọ́n á di ẹ̀ṣẹ́ lu ara wọn, wọ́n á já wàìnà tí ẹni tó bá kéré fẹ́ jẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Sálíù ló kéré jù nínú wọn, òun ni ọwọ́ gbogbo wọn máa ń kọ́kọ́ bà. Lọ́jọ́ kan ó dé pẹ̀lú ojú tó wú bí àkàrà. Àáfà kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ojú náà, ó wo yíká, ó pe ẹni tó lu ú, ó nà án bó ṣe yẹ. Kí a tó kírun Alásárì, Sálíù àti ẹni tó lu ú ti jọ ń pín ẹ̀pà jẹ.

Àwa obìnrin kì í jà. Ohun tí gbogbo àgbà ń wí nìyẹn, wọ́n sì ń fi yìn wá. Sẹ̀míátù ló dàgbà jù nínú wa, ọmọ ilé ńlá, tí wòlímọ̀ rẹ̀, ayẹyẹ ìparí kéú, kò jìnnà mọ́, tí bàbá rẹ̀ ti ra aṣọ sílẹ̀ dè é. Bí Sẹ̀míátù bá kẹ̀yìn sí ọ, gbogbo wa la máa kẹ̀yìn sí ọ. O kí wa, a ò dáhùn. O sún mọ́ wa, a sún síwájú díẹ̀, a ò yára, a ò pariwo, títí ìwọ nìkan yóò fi wà létí ẹní. Bí o bá lọ fẹjọ́ sùn, kí lo fẹ́ wí? Pé wọ́n sún síwájú?

Oko Malete ni Rámátù ti wá. Bàbá rẹ̀ kú, àbúrò bàbá rẹ̀ gbà á sílé nínú ìlú, ó sì fi í sí kéú nítorí àánú. Ìró kan ló ní, ó ń fọ̀ ọ́ lálẹ́, ó ń ró o láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí àwa fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́, àárín ìrun Àìlá sí Alásárì ló fi ń há a sórí. Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwa méjèèjì la jọ ń pọn omi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, mo fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́.

Lọ́jọ́ kan Àáfà sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé, “Sẹ̀míátù, lọ jókòó ti Rámátù, kó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kà á.” Ọ̀rọ̀ rere ló sọ. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pe orúkọ Rámátù mọ́ lápá òsì. Èmi ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́nà odò nìkan, mo sì máa ń bojú wẹ̀yìn kí n tó la ẹnu. Láàárín oṣù kan ó rù, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi ohun tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ kà. Àbúrò bàbá rẹ̀ gbọ́. Ó ní bí wàláà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò bá parí kó tó di Àlàrùbá, kó padà sóko, ọkọ ti wà nílẹ̀ fún un.

Ẹ gbọ́ bí wàláà ṣe rí láyé ìgbà náà. Bí Àáfà bá kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí i fún ọ, o gbọ́dọ̀ kà á sí i létí kó tó ní kí o fọ̀ ọ́. Ìkòkò ńlá kan sì wà nídìí igi tí a ń da omi rẹ̀ sí, nítorí ẹsẹ̀ ènìyàn kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Àwọn mìíràn a máa mu ún, kí ọ̀rọ̀ náà lè wọ inú wọn. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn dà á sílẹ̀ lójú ọ̀nà, aúsùbílàyi, ẹ̀ṣẹ̀ tó ju ẹgba lọ ni.

Ní Àtàlátà, Sẹ̀míátù fojú pè mí sẹ́yìn ògiri. Ó ní, “Ìwọ lo sún mọ́ ọn. Pa wàláà ẹ̀ rẹ́.”

Mo ní ẹ̀rù ń bà mí.

Kò pariwo, kò gbọ́wọ́ sókè. Ó ní, “Kò burú. Kí ìwọ náà lọ bá a jókòó.”

Nígbà tí Rámátù lọ ṣe àlùwàlá Àìlá, ó fi wàláà rẹ̀ ti ògiri. Mo da omi díẹ̀ sí i látinú bùútà, mo fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún, mo fi igbá kékeré gbe omi dúdú náà. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé n ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé e gbà. Ìkòkò wà lójú gbogbo ènìyàn. Ilẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ mi, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ mi pé Ọlọ́run ń wo ẹni tó bá dà á sílẹ̀. Ẹ wo ọmọ tí Ọlọ́run ń bà lẹ́rù lórí omi, tí ohun tó ń ṣe fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò bà á lẹ́rù. Mo gbé e mu, gbogbo rẹ̀. Ètè mi dúdú, ahọ́n mi dúdú, mo fi ìborùn bo ẹnu mi, mo lọ jókòó.

Àáfà pe Rámátù pé kó wá kà. Ó wo pákó funfun náà. “Ta ló ní kí o fọ̀ ọ́?”

“Èmi kọ́ ni mo fọ̀ ọ́, Àáfà.”

“Omi rẹ̀ dà?”

Rámátù ní òun ò mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á látorí, kò sì ṣi ọ̀rọ̀ kan kà, ṣùgbọ́n Àáfà gbọ́wọ́ sókè. Ó ní òun kì í gbọ́ kíkà ẹni tí wàláà rẹ̀ bá ṣófo. Ó yíjú sí wa, ó ní ta ló ń bá a jà nínú wa. A ní kò sẹ́ni. Ó ní kí ìyàwó òun mú un wọlé, kó yẹ ara rẹ̀ wò. Ìyàwó Àáfà jáde, ó ní kò sójú ọgbẹ́ kan lára ọmọ náà.

Àáfà ní, “O rí i? Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn ọ́. Àwọn ọmọbìnrin kì í jà.”

Ènìyàn rere ni Àáfà, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ojú tó wú ló mọ̀ ọ́n rí. Mo jókòó ní ìwọ̀n ọ̀pá méjì sí i, ẹ̀rí wà lẹ́nu mi. N ò tilẹ̀ ní láti sọ̀rọ̀. Kí n ṣáà ti la ẹnu ni. Mo pa á dé títí a fi túká. Nígbà tí mo délé, ìyá mi rí ahọ́n mi, ó ní ṣé èso oòrì ni mo jẹ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kì í ṣe àsìkò oòrì.

Ní àárọ̀ Àlàrùbá, Rámátù dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ẹrù rẹ̀ kékeré wà lórí. Ó ní ó dàbọ̀ o, ọ̀rẹ́ òun. Mo gbàgbé ahọ́n mi, mo la ẹnu láti dáhùn. Ó wo ẹnu mi pẹ́.

“Ìwọ lo mu ún?”

Mo fi orí dá a lóhùn.

“O mu ún tán?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Alihamudulilahi. Láti àná ni mo ti ń rò pé ilẹ̀ ni wọ́n dà á sí.” Ó gbé ẹsẹ̀, ó tẹ̀lé àwọn tó ń lọ sí Malete. N ò rí i mọ́.

Nígbà tí mo di ìyàwó ilé, mo máa ń bi àwọn oníṣu tó ń ti Malete wá sí ọjà Ipata bóyá wọ́n mọ Rámátù kan. Rámátù pọ̀ lóko. Ọ̀nà Malete kò jìn, mo lè lọ, kí n sì padà lọ́jọ́ kan náà. Ojú ló tì mí, títí ẹsẹ̀ mi ò fi gbé mi mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ní bẹ́ǹṣì, ẹ ní yunifọọmu, ọmọbìnrin pọ̀ ní kíláàsì bí ọkùnrin, inú mi sì dùn sí i. Ojú àwọn Sálíù ṣì ń wú, tíṣà ṣì ń rí i. Èyí tí kì í wú ni mi ò tíì rí ẹni tó ń wò.

Mo pe Áwáwù lánàá, mo ní kó jókòó tì mí. N ò bi í pé ta ló nà án. Mo ní, “Ta ni kò bá ẹ sọ̀rọ̀?”

Ó bú sẹ́kún. “Èmi kọ́, Ìyá àgbà. Rúkáyátù ni. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá a lóhùn.”

“Ìwọ ńkọ́?”

Ó dorí kodò. Mo wá sọ ti omi wàláà fún un, ohun tí mi ò sọ fún ìyá mi, tí mi ò sọ fún ọkọ mi títí ó fi kú. Ọmọ náà ń wo ẹnu mi bí ẹni pé tàdáwà ṣì wà níbẹ̀.

Oòrùn kò tíì wọ̀. Mo ní kó bá mi mú ọ̀pá mi àti ìborùn mi wá. Ó ní níbo là ń lọ, mo ní ilé Rúkáyátù. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun. Mo ní ẹ̀rù ń ba èmi náà, kó di ọwọ́ mi mú. Ilé kẹrin sí tiwa ni, ó sì pẹ́ kí a tó dé ibẹ̀.