Ẹ̀bẹ̀ Ò Sí Nínú Kákúlọ́ọ̀sì

Fàósátù aránṣọ kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan díẹ̀díẹ̀. Bó bá rẹ́rìn-ín, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Bó bá sunkún, àwọn ará òpópó kejì á wá béèrè ẹni tó kú. Nítorí náà, nígbà tó sọ pé òun fẹ́ padà sílé ìwé lẹ́ni ọdún mọ́kànlélógójì, ẹnu ò ya ẹnikẹ́ni ní Mushin. Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni pé ó lọ lóòótọ́.

Ọdún tó wọ kíláàsì karùn-ún ní girama ni bàbá rẹ̀ kú, ni wọ́n bá fi í sẹ́nu iṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ kan ní Ìdí-Òró. Ó kọ́ṣẹ́, ó gba fúrídọ́ọ̀mù, ó fẹ́ Taoheed tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, ó bí ọmọ mẹ́ta, ó sì di ẹni tó ń rán yunifọ́ọ̀mù fún ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò. Síbẹ̀, nǹkan kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́ aṣọ ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba, wọn kì í sì í gba ẹni tí kò ní sàtífíkéètì síbẹ̀. Ó kọ́kọ́ lọ parí ìdánwò girama tó pa tì; bó ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ Sátidé nìyẹn, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Yaba, ní ẹ̀ka ìmọ̀ iṣẹ́ aṣọ.

Gbogbo iṣẹ́ ló páàsì, àfi kákúlọ́ọ̀sì, ìṣirò tó ń wádìí bí nǹkan ṣe ń pọ̀ sí i tàbí bó ṣe ń dín kù, àti ibi tí yóò ti pọ̀ jù lọ. Ó ti féèlì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Òfin ilé ìwé sì ni pé ẹni tó bá féèlì iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mẹta, kó kó ìwé rẹ̀ kó máa lọ sílé.

Olùkọ́ tó bọ́ sí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kẹta ni Ọ̀gbẹ́ni Jeremy, ọmọ Àgbádárìgì, ọ̀dọ́mọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tí kì í pẹ́ẹ́ dé, tí kì í sì í gba kí ẹlòmíràn pẹ́ẹ́ dé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó pín ìwé òfin fún gbogbo kíláàsì, ó sì kà á sókè ketekete. Wíwá sí kíláàsì, máàkì mẹ́wàá. Ẹni tí kò bá sì wá tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kò ní jókòó ṣèdánwò. Iṣẹ́ àṣetiléwá, mẹ́wàá; èyí tó bá pẹ́, ìdajì. Ìdánwò kékeré méjì, ogún. Ìdánwò àṣekágbá, ọgọ́ta. Ogójì ni páàsì. Ẹni tí máàkì rẹ̀ kò bá tẹ́ lọ́rùn lè mú ìwé rẹ̀ wá láàárín ọjọ́ méje, kó ṣàlàyé ohun tó ṣe.

"Àlàyé ni mo wí o," Ọ̀gbẹ́ni Jeremy tẹnu mọ́ ọn. "Ẹni tó bá wá bẹ̀ mí fún máàkì, tàbí tí ẹnikẹ́ni bá wá bá a bẹ̀ mí, màá yọ márùn-ún nínú èyí tó ní. Ó wà lójú ìwé kejì."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ Yorùbá wo nìyẹn, tí wọn kì í ti í bẹ̀bẹ̀? Àmọ́ Fàósátù ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìwé náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà mọ́sáláṣí.

Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ kan, ó ka ohun tó ní. Kò pa kíláàsì jẹ rí, nítorí náà mẹ́wàá pé. Iṣẹ́ àṣetiléwá, méje. Ìdánwò kékeré méjèèjì, mẹ́fà péré nínú ogún, ẹ jẹ́ ká fi yẹn sílẹ̀. Mẹ́tàlélógún lápapọ̀. Ó ku mẹ́tàdínlógún nínú ọgọ́ta kó tó páàsì! Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì jó lórí pẹ́dáàlì màṣíìnì, ó sì rán apá ṣẹ́ẹ̀tì kan mọ́ ara wọn.

"Mọ́mì, mẹ́tàdínlógún?" Azeezah, ọmọ rẹ̀ àkọ́bí, ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ lè fẹsẹ̀ kọ ìyẹn."

"Ọwọ́ ni màá fi kọ ọ́, kó lè pọ̀."

Ó kọ ọ́ lóòótọ́, ó sì fi orin jáde nínú gbọ̀ngàn. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, èsì jáde: mẹ́tàlá. Mẹ́rìndínlógójì ni gbogbo rẹ̀. Èyí tó tún wá buni kù ni ìbéèrè kẹrin, oní-máàkì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó gbára lé jù. Òdo ni wọ́n fi sí i, wọ́n sì fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ìwé ẹlòmíràn ló wò.

Ó dùn ún wọra. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń wo ìwé náà pẹ̀lú omi lójú. Ìbéèrè náà ní wọ́n fẹ́ fi páálí onígun mẹ́rin ṣe àpótí tí kò ní ìdérí; ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan páálí náà jẹ́ ínṣì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Wọn yóò gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò, wọn yóò ṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè. Ínṣì mélòó ni kí wọ́n gé kí àpótí náà lè gba ẹrù jù? Ínṣì mẹ́rìnlélógún ni Fàósátù fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ mẹ́rìnlélógún ni nọ́mbà tó wà nínú ìwé ìbéèrè àwọn tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí oríṣi méjì ni olùkọ́ pín kí wọ́n má baà máa yọjú wo ara wọn. Ta ni kò ní sọ pé ó jí i wò?

Lójijì, ó rí ohun tó ṣe. Ẹ̀rín tó bú jáde lẹ́nu rẹ̀ lé àwọn ọmọ tó dúró nítòsí sá.

Nílé, kò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí bàbá ọkọ rẹ̀ fi dìde dúró. Alhaji Yẹ̀kínnì ni, káfíńtà rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá kí wọn láti ilé rẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin tí orúnkún ń dà láàmú.

"Ṣé olùkọ́ yẹn ò ní bàbá ni? A máa bẹ̀ ẹ́."

"Bàbá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má bẹ̀ ẹ́! Ó máa yọ márùn-ún!"

"Ta ló ń yọ máàkì nítorí ẹ̀bẹ̀? Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tún ìlú ṣe, ìyàwó mi."

Fàósátù rò pé ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Láàárọ̀ Túsìdeè, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Jeremy. Bó ṣe wọlé ló kúnlẹ̀, bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà. Olùkọ́ náà na ọwọ́ sí bírò pupa.

"Ìkíni ni o, sà!" Fàósátù pariwo. "Mò ń kí yín lásán ni! Ẹ má yọ nǹkan kan!"

"Ẹ dìde, mà. Ẹ ṣàlàyé."

Ó ṣàlàyé. Aránṣọ lòun láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Kò sí ohun tí òun gé rí tí òun kò fi ínṣì kan sílẹ̀ létí rẹ̀, kí abẹ́rẹ́ lè ríbi gbà. Ínṣì kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì: mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n di mẹ́rìnlélógún. Òun ò kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé aránṣọ kì í kọ ọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n.

"Páálí ni mo sọ, mà. N ò ní kí ẹ rán an."

"Kí lẹ wá fẹ́ fi so ó pọ̀, sà?"

Ọ̀gbẹ́ni Jeremy tún ìwé ìdánwò náà wò. Ó fa bébà kan síwájú rẹ̀. "Ó dáa. Ká ní ínṣì méjìlélọ́gbọ̀n ni. Ẹ ṣe é níṣojú mi."

Kí ó tó pa ẹnu dé, Fàósátù ti kọ ọgbọ̀n sílẹ̀. Ó wo ohun tó kọ. Olùkọ́ náà wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ tún ti fi ínṣì méjì sílẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀! Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, Fàósátù sì ń rẹ́rìn-ín, ó ń ṣírò lọ, títí ó fi fa ìlà sábẹ́ ìdáhùn: ínṣì márùn-ún. Ìgbésẹ̀ kankan ò fò nínú rẹ̀.

"Ẹ ò wo ìwé ẹnikẹ́ni," olùkọ́ wí. "Ẹ má bínú, mà. Mo fún yín ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, torí ọ̀nà rẹ̀ tọ́ ṣùgbọ́n nọ́mbà mi kọ́ lẹ lò." Ó kọ ọ́: márùndínláàádọ́ta.

Fàósátù fẹ́ fò sókè ni ilẹ̀kùn ṣí. Alhaji Yẹ̀kínnì ló wọlé, ó ń tiro, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ṣí fìlà lórí, fún ọmọ tí kò tó ọmọ ọmọ rẹ̀.

"Olùkọ́, ẹ dákun, ẹ bá wa ṣàánú ìyàwó wa."

Ọ̀gbẹ́ni Jeremy fò dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Bàbá, ẹ wá kí wa ni, àbí?" Ó ń ṣẹ́jú sí i. "Ìkíni ni, àbí, Bàbá?"

"Ìkíni kẹ̀? Ẹ̀bẹ̀ ni! Ẹ̀bẹ̀ pọ́ńbélé! Láti Èbúté Mẹ́ta ni mo ti ń gbé e bọ̀!"

Fàósátù di orí mú. Olùkọ́ wo bàbá, ó wo ìwé òfin tó wà lára ògiri rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó yọ márùn-ún. Fàósátù tẹjú mọ́ bírò pupa náà títí ó fi dúró: ogójì. Ogójì géérégé! Ó lọgun tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà ní ọ́fíìsì kejì fi sáré jáde.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Alhaji Yẹ̀kínnì dé fìlà rẹ̀ padà, ó gún un sí ẹ̀gbẹ́ kan bíi ti ọkọ ìyàwó. "O ò rí i? Mo sọ fún ẹ. Ta ló ń kọ ẹ̀bẹ̀ àgbà?"

Fàósátù wo bàbá arúgbó náà, pẹ̀lú òógùn lọ́rùn rẹ̀ àti ọwọ́ tó fi ń di orúnkún mú. Ó kúnlẹ̀ fún un lórí eékún méjèèjì, níṣojú gbogbo ọmọ ilé ìwé.

"Ẹ ṣé, Bàbá," ó wí. "Ẹ̀bẹ̀ yín ló ṣe é."