Ìdí Tí Àgùntàn Màmá Dúpẹ́ Kò Fi Jẹ Tọ́nípù

Nígbà tí àgùntàn Màmá Dúpẹ́ kọ́kọ́ wọ oko tọ́nípù ní Odo-Ape, ńṣe ni wọ́n gba inú poro lọ, wọ́n gba inú poro bọ̀. Koríko gbígbẹ ni wọ́n ń ṣà jẹ láàárín ebè, wọn ò sì bojú wo ewé tútù tó wà lórí ebè. Mo dúró lẹ́nu ọgbà, mò ń wò wọ́n. Èmi ni mo ní kí màmá gbìn ín.

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni pé mò ń bá àwọn ènìyàn wá oúnjẹ fún ẹran ọ̀sìn. Láti Kabba títí dé Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, Agíríkì ni wọ́n ń pè mí. Ẹlòmíràn a rí koríko lẹ́bàá ọ̀nà, a kọjá lọ. Èmi a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, màá já a, màá tọ́ ọ wò. Ìyàwó mi ní ọjọ́ kan ń bọ̀ tí màá la ẹnu, tí màá ké bí ewúrẹ́.

Opó ni Màmá Dúpẹ́, ó sì ń dá gbé. Agbo àgùntàn rẹ̀ ṣẹ̀ wá láti ara abo kan tí ìyá rẹ̀ fà lé e lọ́wọ́ nígbà tó ń lọ sílé ọkọ. Ṣùgbọ́n ìlú ti fòfin dè é pé ẹran kò gbọdọ̀ jẹ̀ káàkiri lẹ́ẹ̀rùn, nítorí àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ sí àkùrọ̀. Ìbàdí tó ń dun màmá kò sì jẹ́ kó lè máa ru koríko wálé. Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ti bá oníṣòwò ẹran kan sọ ọ́ pé bí ọyẹ́ bá lọ tí òun ò rí oúnjẹ fún wọn, kó wá kó gbogbo wọn.

"Agíríkì," ó ní, "bí wọ́n bá lọ, ta ni màá máa bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Iléeṣẹ́ wa sì ti fún wa ní irúgbìn kan pé ká dán an wò. Tọ́nípù ni orúkọ rẹ̀, ewé rẹ̀ jọ ti kábéèjì, àwọn òyìnbó a sì máa da ẹran sínú oko rẹ̀ kí wọ́n jẹ ẹ́ lóòró. Oríṣi méjì ni wọ́n fún wa. Ọ̀kan kì í ta iṣu rárá, ewé ni gbogbo agbára rẹ̀. Bí ẹran bá jẹ ẹ́ tí a sì bomi rin ín, á tún rú. Èkejì ń ta iṣu roboto funfun. Ewé rẹ̀ kò pọ̀ tó ti èkíní, ṣùgbọ́n iṣu rẹ̀ lè dúró nínú ilẹ̀ dìgbà tí ewé bá tán. Mo bi màmá pé èwo ló wù ú.

"Èyí tó ń ta ni," ló dáhùn kíá. "Ewé ò ṣeé fi pamọ́."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. A gbin èyí tó ń ta sí àkùrọ̀ rẹ̀, mo sì wọ́n díẹ̀ nínú èyí tó jẹ́ ewé sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí mo fẹ́ rí bí yóò ṣe ṣe. Orí ebè la gbin èyí tó ń ta sí. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé ká kọ ebè. Ohun tó bá ti ń ta, orí ebè là ń gbìn ín sí nílẹ̀ wa. Ọyẹ́ bá a lára mu, ó sì yọ dáadáa.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ da ẹran sí i, mo ní kí màmá kọ́kọ́ fún wọn ní èèpo ẹ̀wà gbígbẹ, nítorí bí ẹran tí ebi ń pa bá já lu irú ewé bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ á wú. Mo kàn ń yọ ara mi lẹ́nu ni. Wọ́n jẹ èyí tó wà lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ kanlẹ̀, wọn ò sì fẹnu kan ti orí ebè.

"Màmá, irú tí a yàn ni kò dáa," mo wí. "Ó ní láti jẹ́ pé ó korò."

"Ó ti parí nìyẹn," ó ní. "Ọ̀la ni oníṣòwò yẹn ń bọ̀."

Mo já ewé méjèèjì, mo jẹ wọ́n. Ìkan ò korò ju ìkejì lọ. Mo já òmíràn lórí ebè, mo jù ú sí ẹnu ọ̀nà, àgùntàn méjì sì ń jà lé e lórí. Ọ̀rọ̀ yìí wá dùn mọ́ mi, ní tòótọ́. Mo dojú korobá délẹ̀, mo jókòó, mo ń wò wọ́n. Abo tó ṣáájú agbo na ọrùn sí ewé orí ebè, ó wẹ̀yìn wo màmá, ó sì fà sẹ́yìn. Ó tún na ọrùn, ó tún wo màmá.

"Màmá," mo bi í, "bí wọ́n bá gun ebè iṣu yín, kí lẹ máa ń ṣe?"

"Kí ni mo máa ń ṣe kẹ̀? Pàṣán ni. Ìyá mi náà, pàṣán ni. Èyí tí kò bá gbọ́, a ó sè é jẹ." Ó rọra fọwọ́ bo ẹnu.

Ó wọ inú oko, ó jókòó sórí ebè kan, ó sì fa tọ́nípù kan tu. Ó gé e jẹ lójú wọn, ó wá na ìyókù sí abo náà.

"Máa bọ̀. Èmi ni mo ní kí o má jẹ ẹ́. Èmi náà ni mo ní kí o jẹ ẹ́ báyìí."

Ẹran náà rọra gun ebè. Ó jẹ ti ọwọ́ màmá, ó jẹ ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nígbà tó sì wò ó pé kò sẹ́ni tó na òun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu tú ilẹ̀. Àwọn tó kù tẹ̀ lé e. Omi bọ́ lójú màmá. Láti ọjọ́ yẹn, kí n tó yan irúgbìn fún ẹnikẹ́ni, mo kọ́kọ́ máa ń bèèrè bí wọ́n ṣe tọ́ ẹran rẹ̀ dàgbà.

Oníṣòwò náà dé lọ́jọ́ kejì bó ṣe wí. Ó kí wa lókun, ìyẹn ìkíni ilẹ̀ wa, ó wo inú ọgbà, ó sì rí gbogbo agbo lórí ebè, wọ́n ń wú iṣu. Ọmọ ilẹ̀ wa ni òun náà. Ló bá ṣẹ́ ẹ̀ka igi kan, ó ń sáré lọ bá wọn.

"Màmá, wọ́n ti ba oko yín jẹ́ o."

Màmá Dúpẹ́ dìde, ó gba igi náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Fi wọ́n sílẹ̀," ó ní. "Oko wọn ni."