Bí Mo Ṣe Gbé Ràlíà Lọ Síbi Tí Ẹ̀rọ Ti Ń Fún Wàrà

A kírun àsùbáà tán ni mo pọn Ràlíà, ọmọ ọmọ mi, mo sì gba Ẹnu Ọ̀wá jáde lọ sí Obalende. Ọmọ oṣù mẹ́ta ni. Láti ìgbà tí Sìdíkátù ìyá rẹ̀, ọmọ tí èmi fúnra mi bí, ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oko màlúù kan lọ́nà Ẹ̀pẹ́, Ràlíà kò gba mílíìkì inú fídà. A fún un ní èyí tó wọ́n, a fún un ní èyí tí kò wọ́n, títu ló ń tu ú. Ilé òṣìṣẹ́ oko ọ̀hún kì í gba ọmọdé, Sátidé nìkan ni Sìdíkátù sì ń wálé. Ọjọ́ Túsìdeè la wà. Ṣé kí n máa wo ọmọ níran títí di Sátidé ni?

Lágboolé tiwa, abiyamọ tó bá ń fọ́mọ lọ́mú, a kì í pè é. Ọkọ rẹ̀ gan-an, tó bá ń wá kọ́kọ́rọ́, á jókòó títí ọmọ á fi yó.

A wọ bọ́ọ̀sì dé Ajah, a wọ òmíràn. Gbogbo owó ọkọ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà. Ọ̀nà dán dáadáa, àfi ibi tí wọ́n ti ń yà sí oko, kòtò lórí kòtò. Ràlíà ń ké.

"Alhaja, ẹ fọ́mọ yẹn lọ́mú jàre!" Dírẹ́bà ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Èwo nínú ọmú mi? Ìyá ìyá ẹ̀ ni mí. Ẹ sáà máa wa ọkọ̀ yín."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ mọ́tò.

Wọ́n fi gíláàsì ṣe ògiri lẹ́nu géètì oko náà kí àlejò lè máa wòran. Ọ̀gá ibẹ̀, ọmọkùnrin kan tó wọ bùútù funfun, rò pé ìran ni mo wá wò.

"Màmá, róbọ́ọ̀tì nìyẹn."

Ẹ̀rọ tó lọ́wọ́ ni, tí kò lórí. Ó fọ ọmú màlúù, iná pupa kan ń wá orí ọmú kiri, ó fi ife mẹ́rin bò wọ́n, wàrà sì ń gba inú rọ́bà lọ. Màlúù ń jẹun tirẹ̀.

"A kì í fipá mú wọn. Tí ọmú bá kún, màlúù á rìn wọlé fúnra ẹ̀. Ẹ̀rọ á dúró títí á fi tán."

"Ó dáa. Ìyá ọmọ yìí ńkọ́? Sìdíkátù tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà yín."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Háà. A ò gbọmọdé wọlé, torí àìsàn màlúù. Òun náà ò lè jáde o, aago mẹ́fà ló ń ṣíwọ́."

Oòrùn ò tíì kan àtàrí! Inú bí mi, ojú mi ṣú. Màlúù ń wọlé nígbà tó wù ú, ọmọ tèmi ò lè jáde. Mo gbá gíláàsì. Sìdíkátù tó wà nídìí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn gíláàsì yíjú. Ọmú ti rin aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ gbindin níwájú.

Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti pariwo pé màlúù kan kò tíì wá láti àárọ̀, ọmú rẹ̀ ti kún jù. Ọ̀gá sáré lọ mú un.

Mo pariwo tẹ̀ lé e: "Ọmú ọmọ tèmi náà ti kún o! Ta ni yóò sáré mú òun wá?"

Máígádì ẹnu ọ̀nà ló ṣí géètì. Sìdíkátù jáde, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, Ràlíà sì gbá ọmú mú. Ọ̀gá padà dé, ó ń mí hẹlẹ.

"Sìdí, tó o bá jókòó síbẹ̀ yẹn, má wọlé mọ́ o!"

Sìdíkátù gbé ọmọ láti ọmú ọ̀tún sí ti òsì. Nígbà tí Ràlíà yó, ìyá rẹ̀ bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó fi í kọ́ géètì.

A ra ẹja díndín ní Ẹ̀pẹ́, a sì délé kí wọ́n tó pe ìrun mọ̀ńgàríbì. N ò bá ẹ̀rọ yẹn jà o. Ẹ̀rọ náà ní sùúrù. Ẹni tó fowó ra sùúrù fún màlúù, tí kò ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ènìyàn, òun ni mò ń bínú sí.

A ò tíì jẹun tán tí fóònù Sìdíkátù fi dún. Èmi ni mo gbé e. Ọ̀gá ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, Sìdí dà? Kọ̀ǹpútà ń pariwo, a ò mọ ohun tá a máa tẹ̀."

"Ó ń fọ́mọ lọ́mú."

"Màmá, ìṣẹ́jú kan péré!"

Mo wo Ràlíà. Ó ti di ojú, ó fi ọwọ́ di ọmú ìyá rẹ̀ mú.

"Ẹ dúró," mo ní, "títí á fi yó."